Adégòkè Adélabú ti Òkè-Olúòkun: Ìtàn Ìgbésí-Ayé Rẹ̀, àti Ti Àwọn Tí Ó Dúró Láàárín

Àṣà ìwé ọdọọdún yìí ni pé kí a yan ẹni ńlá kan tí ó ti kú tipẹ́, kí a sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò bá a láyé. Nígbà tí àwọn olóòtú fi iṣẹ́ ti ọdún yìí lé mi lọ́wọ́, wọ́n rò pé bíṣọ́ọ̀bù tàbí ọba ni èmi yóò yàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ nípa Olóògbé Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n, nítorí títí di òní olónìí ni àwọn kan ń bínú bí a bá yìn ín, tí àwọn mìíràn sì ń bínú bí a bá bù ú kù.

Ìdí tí mo fi yàn án kò jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé gbogbogbòò wa tí ó kọjá ní Bódìjà ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ kànga àti ti ọ̀nà ni ó kó wa jọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ilé dàrú. Àwọn ẹni mẹ́rin-márùn-ún ní apá ọ̀tún ń kígbe, àwọn ẹni mẹ́rin-márùn-ún ní apá òsì ń fèsì. Èmi kò wo àwọn tí ń kígbe. Àwọn ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n rọra ń kó fìlà àti báàgì wọn, tí wọ́n ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ọkọ̀ wọn wà, àwọn ni mo ń wò. Nígbà tí a ó fi dìbò lórí ọ̀rọ̀ kànga, àwọn tí ń jà nìkan ni ó kù nínú gbọ̀ngàn. Bàbá mi ni mo rántí, mo sì rántí Adélabú.

A bí Adélabú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915. Ìdílé Mùsùlùmí ni a bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, ọwọ́ ẹbí ni ó sì ti dàgbà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, ilé-ìwé àwọn Ìjọ CMS ni wọ́n fi í sí, ti St. David ní Kúdẹtì ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tí ó wà ní Màpó. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Government College, Ìbàdàn, ilé-ìwé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1929. Orí rẹ̀ pé ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé kò gbàgbé bí ó ti ń jẹ ìwé bí ẹni ń jẹ iṣu, àti bí ẹnu rẹ̀ ti mú tó nígbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1936 ó dé ilé-ìwé gíga ti Yába, ilé-iṣẹ́ UAC ni ó sì ń ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà gan-an, níbi tí a ti ń ra kòkó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Dùgbẹ̀ àtijọ́ yóò mọ ohun tí kòkó jẹ́ ní Ìbàdàn ní ìgbà náà. Ojú irin dé ìlú wa ní ọdún 1901, láti ìgbà náà ni ilé ìtajà àwọn Òyìnbó àti ti àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì ti ń pọ̀ sí i ní Gbági àti Dùgbẹ̀. Irè-oko láti abúlé ń wọlé, owó sì ń jáde lọ sí abúlé. Adélabú kọ́ iṣẹ́ òwò kòkó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba pẹ̀lú ní ìdí irè-oko àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó tún padà sí UAC, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe máníjà. Lẹ́yìn èyí ni ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, èyí kò sì yọrí sí rere. Ohun tí iṣẹ́ yìí fún un ju owó lọ ni pé ó mọ àgbẹ̀. Ó mọ ohun tí àgbẹ̀ ń gbà lórí àpò kòkó kan, ó mọ ohun tí àwọn tí ó wà láàárín ń jẹ níbẹ̀, ó sì mọ bí inú àgbẹ̀ ti bàjẹ́ tó nígbà tí ìjọba ń rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí oko láti bẹ́ igi kòkó lulẹ̀ nítorí àrùn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó jọ wà ní ìlú nígbà náà kò mọ nǹkan wọ̀nyí, nítorí wọn kò dé abúlé bí kò ṣe nígbà ìsìnkú.

Ọ̀rọ̀ Olóyè Sàlámì Agbájé ni ó kọ́kọ́ fà á wọ inú òṣèlú ìlú. Olóyè yìí jẹ́ ọlọ́rọ̀, ó mọ̀wé díẹ̀, ó sì ti di Ọ̀tún Balógun. Bí ìgbà bá ti ń lọ, ó lè di Olúbàdàn. Láti ọdún 1949 ni àwọn ìjòyè mìíràn àti àwọn mọ́gàjí ti dìde sí i pé kí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Adélabú fi kálàmù rẹ̀ ran àwọn tí ó dìde lọ́wọ́, òun ni ó ń bá wọn kọ ìwé. Ìjọba yan Òyìnbó kan, Butcher, kí ó wádìí, ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1951 kò sì gbè lẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ rọ Agbájé lóyè. Ohun tí èmi rí nínú ọ̀ràn yìí ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ìbàdàn ni kò ní ìjà kankan bá ọkùnrin náà. Wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn sì di ohun tí àwọn aláriwo fi ń ṣe ẹ̀rí pé gbogbo ìlú ni ó wà lẹ́yìn àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ọdún 1951 yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ìdìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ń bọ̀. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ni ó ń du ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan ni NCNC ti Ọ̀mọ̀wé Nnamdi Azikiwe, tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ sí ẹgbẹ́ alákùkọ. Èkejì ni Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí à ń pè ní Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ. Ìbàdàn kò fi ara rẹ̀ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ ìlú tí ó kàwé dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ibadan People's Party, Olóyè Augustus Akínlóyè sì ni aṣíwájú rẹ̀. Ìdìbò ọjọ́ náà kò gbà lẹ́ẹ̀kan bí ti òde-òní. Àdúgbò yan aṣojú, àwọn aṣojú sì tún yan ti òkè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹgbẹ́ Ìbàdàn ni ó gba ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó tọ́ sí ìlú wa. Adélabú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà.

Ìbò àwọn oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni èyí, bí a bá fẹ́ fún un ní orúkọ tí ó bá a mu. Ìlú kan sọ pé òun kò ṣe ti àkùkọ, òun kò sì ṣe ti ọ̀pẹ. Òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun lọ dúró síbẹ̀ kí wọ́n sì wo èyí tí ó dára fún ìlú. Kò pẹ́, márùn-ún nínú mẹ́fà náà bọ́ sí inú Action Group. Akínlóyè di mínísítà. Adélabú nìkan ni ó kù, ó sì dúró ti NCNC.

Àwọn kan ń sọ pé márùn-ún náà ṣe ohun tí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí ìlú tí kò bá ní ènìyàn nínú ìjọba kì í rí ọ̀nà ṣe. Èmi kò lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìbò fún ilé àárín jí lọ́jọ́ kejì ó sì rí i pé ilé náà ti wó, a sì ti gbé ìbò rẹ̀ lọ sí ibi tí kò rán an sí. Láti ọjọ́ náà ni àárín ti di ibi ẹ̀sín ní Ìbàdàn. Adélabú sì mọ bí a ti ń fi irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó lọ káàkiri àdúgbò pẹ̀lú ìlù àti orin, ó ń sọ fún wọn pé wọ́n ti tà wọ́n, òun nìkan ni kò tà.

Ní ọdún 1952 ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Africa in Ebullition, nípa òmìnira ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Ìwé líle ni, ó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ní àkókò yìí kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn asanwó-orí Ìbàdàn sílẹ̀, èyí tí ó so pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Máyégún ti àwọn àgbẹ̀. Ìsopọ̀ yìí ni ó bí Mábọlájẹ́. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú: kí a má ba ọlá àwọn olóyè jẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń dín agbára àwọn olóyè kù nínú ìṣàkóso ìlú. A ti ya ilẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Owó-orí sì ti gòkè nítorí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ti ìlera. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ṣe wá ní oore ńlá, èmi pàápàá jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí a ń lé kiri abúlé nítorí owó-orí kò tíì rí ọmọ tí yóò kàwé, owó tí ń jáde nìkan ni ó ń rí. Gbogbo ẹ̀dùn-ọkàn wọ̀nyí ni Adélabú kó sínú àpò kan.

Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé sì wà níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará ìlú mìíràn ti kọ́ ilé sí Òkè-Adó, Òkè-Bọ́lá àti Ẹkọ́tẹ̀dó. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ilé ìyálégbé, Olóyè Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gbé láàárín wọn ní Òkè-Bọ́lá. Nítorí náà ó rọrùn láti sọ ọ́ di pé ọ̀pẹ ni ti àlejò, àkùkọ ni ti ọmọ ìlú. Kì í ṣe òótọ́, nítorí ọmọ Ìbàdàn pọ̀ nínú Action Group, ṣùgbọ́n irọ́ tí ó rọrùn láti fi kọrin máa ń yára ju òtítọ́ lọ. Èyí ni mo kà sí ẹ̀bi Adélabú jù lọ. Ọkùnrin tí ó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí a máa kọ ọ́ lórin.

Ìṣẹ́gun rẹ̀ dé ní ọdún 1954. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjókòó nínú kánsù Ìbàdàn, òun sì di alága. Ní ìparí ọdún náà NCNC borí ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1955 a sì fi Adélabú ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, fún ọrọ̀ ilẹ̀ àti ètò ìgbáyégbádùn. Kò fi ipò alága kánsù sílẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga méjì, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Màpó, ojú irin àti ọ̀nà ọ̀dà sì wà láàárín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ lásán mọ̀ bí iṣẹ́ àga kan ti pọ̀ tó.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, ojú méjì ni à ń fi wò ó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó jẹ́ ti àwọn ọ̀tá rẹ̀, yan Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Nicholson láti wádìí kánsù ní ọdún 1955. Àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ tako bí a ti ń pín iṣẹ́ àti bí a ti ń náwó, ó sì kan Adélabú fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1956 ó fi ipò mínísítà àti ipò alága sílẹ̀, ìjọba sì tú kánsù ká. Àwọn alákùkọ ní ọ̀tẹ̀ ni, wọ́n sì béèrè ìdí tí a kò fi wádìí kánsù àwọn ọlọ́pẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pẹ ní olè ni. Ìbéèrè kan wà tí ẹni kankan kò bèèrè, ibẹ̀ ni ó sì dùn mí jù: ta ni ó yẹ kí ó ti máa wo ìwé owó kánsù kí Òyìnbó tó dé? Àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò, àwọn àlùfáà àti àwọn oníwàásù pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà tí wọ́n lè ka ìwé ìṣirò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ pé ọ̀rọ̀ kánsù, ti àwọn tọ́ọ̀gì ni. Wọn kò du ìjókòó. Wọn kò lọ sí ìpàdé àdúgbò. Àwọn tí ń lọ ni àwọn tí ó ní nǹkan tí wọ́n ń wá níbẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ra irè-oko ní Dùgbẹ̀. Ó ti yọ̀ púpọ̀ ní ọdún 1951 nígbà tí ẹgbẹ́ Ìbàdàn gba mẹ́fà nínú mẹ́fà. Nígbà tí márùn-ún kọjá sí òdìkejì, ó búra pé òun kò ní dìbò mọ́ láyé òun. Kò fẹ́ràn orin àwọn Mábọlájẹ́, kò sì gbàgbọ́ nínú àwọn tí ó ti fi ìbò rẹ̀ ṣe òwò. Nígbà ìdìbò ọdún 1954 ó wà nílé, ó ń tún àga ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, nígbà tí a tún dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀, ó tún wà nílé.

Ìdìbò ọdún 1956 yẹn ni Adélabú fi lé ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Action Group gba ìjókòó 48, NCNC gba 32. Ní Ìbàdàn, Mábọlájẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Adélabú ṣe di Olórí Ẹgbẹ́ Alátakò, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tí ó bá dìde nínú Ilé, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá máa ń gbọ́. Ní ọjọ́ kan ni ó lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan tí ó túmọ̀ sí ìdàrúdàpọ̀ tí ó ṣàjèjì. Àwọn ará ìlú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé e dé ọjà, ó di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, ó sì wà nínú èdè wa títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fi ọ̀rọ̀ náà sínú orúkọ ìwé kan tí ó kọ nípa Ìbàdàn ní ọdún 1994. Wọ́n gbé Adélabú lọ sí kóòtù léraléra ní àkókò yìí, ó sì ń bọ́ nínú rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá bọ́ ni ogunlọ́gọ̀ ń gbé e lé èjìká. Ní ọdún 1957 ó bá àwọn aṣáájú yòókù lọ sí àpérò òmìnira ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń jà kí a ya Ìbàdàn àti àwọn ará Ọ̀yọ́ sọ́tọ̀ ní ìpínlẹ̀ tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí pé kì í ṣe àwọn ológun ti ọdún 1976 ni ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, nígbà tí ó ń ti Èkó bọ̀ wá sílé pẹ̀lú oníṣòwò kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn kọlu ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, ní ìhà Ṣágámù àti Òdè-Rẹ́mọ. Adélabú kú. Ẹni ọdún 42 ni. A gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, a sì sin ín ní Òkè-Olúòkun.

Ọmọdé ni mo wà, ṣùgbọ́n mo rántí ariwo náà. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbà pé ìjàǹbá ọkọ̀ lásán ni, nítorí ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ilẹ̀ Rẹ́mọ sì ni ilé Awólọ́wọ̀. Ìṣirò wọn kò ju èyí lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ iná ti ń jó ní ìlú àti ní abúlé. Wọ́n ń wá àwọn ọlọ́pẹ kiri, wọ́n ń wá àwọn agbowó-orí. Àwọn tí ó kú kì í ṣe mínísítà, kì í ṣe olóyè ńlá. Àwọn tí ó ń gba owó-orí fún owó oṣù kékeré ni, àti àwọn tí wọ́n mọ̀ ní àdúgbò pé wọ́n mú káàdì ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọlọ́pàá kó, a sì dá ẹjọ́ ikú fún púpọ̀ nínú wọn. Àgbẹ̀ ni àwọn náà. Bí a bá ka iye àwọn tí a pa àti iye àwọn tí ìjọba so kọ́ nítorí rẹ̀, a ó rí i pé àwọn tálákà ni ó san gbogbo gbèsè náà ní apá méjèèjì.

Ará Ìjẹ̀bú kan, aránṣọ, ni ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ ni, kò sì fi í pa mọ́. Ní òru ọjọ́ kejì bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó mú ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ gba inú ilé wa kọjá lọ sí ìhà ojú irin. Ìgbà tí ó padà dé, ó jókòó sí ìloro títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé ohun tí ó ń rò ní òru náà ni àwọn ìpàdé àdúgbò tí òun kò lọ. Ó mọ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń gbé iná kiri. Ó mọ bàbá wọn. Bí òun àti ogún ènìyàn bí òun bá ti ń jókòó sí ìpàdé wọ̀nyí láti ọdún 1954, ó dá a lójú pé wọn ì bá ti lè sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ náà yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ní òru yẹn kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ ní àdúgbò tirẹ̀, àyàfi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tí kì í dá sí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ikú Adélabú, Mábọlájẹ́ pínyà. Ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ náà pínyà ní ọdún 1962 láàárín Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni ó mú wẹ́tíẹ̀ wá, nígbà tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966 àwọn ológun gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Àwọn tí ó dúró sílé nítorí pé òṣèlú dọ̀tí, àwọn náà gbé lábẹ́ ìbọn fún ọdún mẹ́tàlá bí àwọn yòókù.

Mo mọ ohun tí àwọn ará wa ní Bódìjà, Agbówó àti Challenge yóò sọ: pé èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àtijọ́, ti Bẹẹrẹ àti Màpó, àwa ti ní géètì àti ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé tí a ń gbé wọ̀nyí, ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Ètò ilé Bódìjà jẹ́ iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ìparí àwọn ọdún 1950, a kọ́ ọ fún irú ènìyàn bí bàbá mi, akọ̀wé àti olùkọ́ tí ó fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́. A rí ìdákẹ́rọ́rọ́ náà. Ní ọdún 2023, nínú ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 93 tí ó forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà láti dìbò ààrẹ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 péré ni ó jáde. Mo lọ sí ibùdó ìdìbò tí ó wà nítòsí ilé mi ní ẹ̀gbẹ́ Ring Road. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kan wà ní igun kan, ti ẹgbẹ́ kejì wà ní igun kejì, àwọn ìyá alákàrà sì wà láàárín. Àwọn ará òpópónà wa tí mo ń rí lójoojúmọ́, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í kúrò lẹ́nu wọn lórí fóònù, mo ka wọn, wọn kò pé mẹ́wàá.

Èmi kò sọ pé kí a wọ inú ẹgbẹ́ kan. Bàbá mi kò wọ èyíkéyìí títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò sọ pé àárín ni òtítọ́ máa ń wà nígbà gbogbo. Lórí ọ̀rọ̀ igi kòkó àti owó-orí, òdodo pọ̀ lẹ́nu Adélabú, lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni Awólọ́wọ̀ jàre. Ẹni tí kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nìkan ni ó lè sọ méjèèjì ní gbangba kí a má sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́.

Àwọn tí ó mọ Adélabú sọ pé ó lawọ́, pé kò sí àgbẹ̀ tí ó kéré jù fún un láti jókòó tì. Wọ́n sọ pẹ̀lú pé kò lè fara da kí ẹnikẹ́ni ta kò ó. Mo gbà méjèèjì gbọ́. Mo tilẹ̀ rò pé bí àwọn tí ó mọ̀wé ní Ìbàdàn bá dúró tì í ní ọdún 1951, tí wọ́n ń yìn ín nígbà tí ó bá tọ́, tí wọ́n sì ń dá a dúró nígbà tí ó bá fẹ́ ṣìnà, ọkùnrin tí à ń bá sọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọrin fún un.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni ìdìbò ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó ṣáájú òmìnira. Ìlú kò tíì tutù tán. Bàbá mi jí ní kùtùkùtù, ó wọ agbádá òfì rẹ̀ tí ó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó sì mú mi lọ́wọ́. Ìlà náà gùn, oòrùn mú, àwọn kan sì ń wò ó pẹ̀lú ìyanu nítorí wọn kò rí i níbẹ̀ rí. A dúró títí ó fi kàn án. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jáde, ó sì ra ẹ̀pà fún mi lójú ọ̀nà ilé. Kò sọ fún mi láéláé àpótí tí ó fi ìwé rẹ̀ sí.